Máṣíìnì Tí Wọ́n Gbé Sókè

Títẹ kílọ́ọ̀ṣì tírélà nínú gòsìló Apapa ló ba orúnkún ọkọ mi jẹ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò lè rìn jìnnà mọ́. Ibi tó bá fẹ́ lọ, àfi kó bẹ ẹnì kan kó gbé òun. Ẹ̀bẹ̀ yìí ń dùn ún ju orúnkún lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá a jà nígbà tó ra máṣíìnì aláriwo ńlá kan, alùpùpù tó bá kọ̀ǹtẹ́nà dé.

Kí n má purọ́, àwọn tó ṣe é ronú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín táyà méjèèjì ni wọ́n gbé e sí, kí ìwúwo rẹ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ kúrú bí àpótí ìdáná. Ọkọ mi, tí kì í ṣe ẹni gíga, jókòó lé e níwájú ilé wa ní Amukoko, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Inú mi dùn fún un.

Àfi bí ikùn máṣíìnì ṣe ha kọnkéré orí gọ́tà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àdúgbò wa sì nìyí: ohun tó bá ti ha ilẹ̀, gbígbé sókè ló kàn. Wọ́n ń gbé káà sókè, wọ́n ń gbé bọ́ọ̀sì sókè, ilé pàápàá, à ń gbé e sókè nítorí omi òjò. Ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà.

Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, torí pé kò ga lẹ ṣe rà á."

Ó ní, "Wetin you sabi for máṣíìnì? Òyìnbó tó ṣe é ò mọ Amukoko."

Wẹ́dà jó irin mọ́ ọn, ó ga fíofío. Láti orí àtẹ̀gùn ilé ló ti gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé ẹnu géètì, ó tẹ búréèkì, ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò bá ilẹ̀. Òun àti máṣíìnì bá rọra dùbúlẹ̀ níwájú àwọn ìyá ìjọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò fara pa.

Ẹ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Rárá o. Ó ní gọ́tà á tún ha á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní gbogbo ọjọ́ Sunday, èmi ni mo ń wọ Màrúwá ṣáájú rẹ̀, tí mo ń dúró sẹ́nu géètì nínú bàtà gogoro, kí n lè di irin ràgàjì yẹn mú fún un. Ó sú mi! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní mi ò lọ mọ́.

Ó ti múra tán. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ẹ́."

Mo gbé báàgì mi, mo lọ dá Màrúwá dúró. Inú ṣì ń bí mi.