Gbèsè Ẹyin Ọdún Oyún Méjì

Owó kíréètì ẹyin méje ni aránṣọ jẹ Bàbá Ẹlẹ́yin lọ́dún tí oyún méjì wà nínú ilé kan ṣoṣo. Ìtìjú ńlá ni gbèsè náà jẹ́ fún un, nítorí kì í gbé aṣọ fún oníbàárà kí owó tó pé. "Ẹni tó bá fẹ́ àwìn, kó lọ wọ aṣọ àná," ló máa ń wí.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá tí wọ́n ń gbé sì wà lókè rẹ̀ gan-an. Bí máṣìnnì bá ń sáré nísàlẹ̀, ife orí tábìlì òkè á máa jó. Máṣìnnì méjì ló wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà, tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àti kékeré tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lò. Títí dòní, bó bá di ojú, ó ṣì ń gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀bù yẹn: epo máṣìnnì, aṣọ tuntun, àti áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù díẹ̀. Láti ojú fèrèsé, á máa rí ọkọ rẹ̀, káfíńtà, ní òdìkejì títì, tí ìyẹ̀fun igi ti fún un ní ewú kí ewú tòótọ́ tó dé.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni nígbà náà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nílé ọkọ. Ó ti rẹ àwọn tó máa ń bi í pé, "Ṣé kò tíì sí nǹkan ni?" Wọ́n ti lọ bi ẹlòmíì. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá mọ́, ó ní àgbà ló dé. Ìgbà tí àgbà ọ̀hún wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá nínú ikùn, ó gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀, ó jókòó, ó sì ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan so nǹkan mọ́ ọn lápá, ó wọn ìfúnpá rẹ̀.

"Ẹ ti kọjá ogójì, ìyá. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má bímọ, ṣùgbọ́n ojú wa ò ní kúrò lára yín. A ó máa wo ìfúnpá, a ó máa wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ní tiyín, ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹja, ẹ̀fọ́ àti ọsàn. Ẹ má dúró dìgbà tí ebi bá ń pa yín."

Káfíńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá ìkòkò. Ẹran tó bá wà, ti ìyàwó ni. Ẹja tó bá wà, ti ìyàwó ni. Láràárọ̀, á gba ẹyin méjì láwìn lọ́wọ́ Bàbá Ẹlẹ́yin ní ìkángun títì, á sì dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n aránṣọ tó ń lo máṣìnnì kékeré náà lóyún. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ti kú, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni ọmọ náà dàgbà sí. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ó tín-ín-rín, ó sì mú. Kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń yọjú. Oyún tirẹ̀ fi díẹ̀ ṣáájú ti àǹtí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù nítorí rẹ̀. Egungun tuntun ni, wọ́n ní ara rẹ̀ á gbé e.

"Abẹ́rẹ́, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti mu tíì, Àǹtí."

"Tíì nìkan?"

"Mo fi búrẹ́dì sí i. Ẹ jẹ ẹyin yín jàre. Tèmi ò ju kí n sín, kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé ẹrù àgbà."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bó bá di ọjọ́ ilé ìwòsàn, Abẹ́rẹ́ á ní òun yóò jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà ò gbọdọ̀ bá ilẹ̀kùn ní títì. Aránṣọ á sì gbà, nítorí ó mọ iye tí ilẹ̀kùn títì ń náni.

Àsìkò yẹn ni ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀kì búlúù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fa ìlà sára aṣọ. Bí wọ́n bá ra tuntun, kò ní pẹ́ tí yóò fi ku ègé. Aránṣọ fẹ̀sùn kan eku.

"Eku wo ló ń jẹ ṣọ́ọ̀kì?" ni káfíńtà bi í. "Àbí ó fẹ́ rán ṣòkòtò ni?"

Abẹ́rẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ Abẹ́rẹ́ fún un níkùn, àǹtí rẹ̀ ní kó wá kí òun tú u. Ó tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà. Ó yí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá ó ṣì lè gùn sí i. Kò sí nǹkan kan tó kù ní kíká níbẹ̀, nítorí láàárín ọdún kan péré, ó ti tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ṣì ń ga. Ó wá dé apá aṣọ, apá aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀, àfi kí ó gbà á wọlé, kó dín in kù. Aránṣọ dúró pẹ̀lú píìnì lẹ́nu. Láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ, kò tíì gba apá aṣọ aboyún wọlé rí.

Ó gbójú sókè. Ó rí búlúù ní igun ẹnu ọmọ náà.

"La ẹnu."

"Àǹtí..."

"Mo ní la ẹnu."

Eyín Abẹ́rẹ́ ti di búlúù. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Bí mo bá ti gbóòórùn ẹ̀, ọwọ́ mi á lọ."

Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé tí owó ń wọlé jù, ó mú Abẹ́rẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì sọ ti ṣọ́ọ̀kì.

Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú Abẹ́rẹ́ sísàlẹ̀: funfun báláú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kéré gan-an.

"Ta ló ń jẹ oúnjẹ ilé yín?"

"Èmi ni," ni aránṣọ dáhùn.

"Mo ní kẹ́ ẹ jẹun, mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ lójú ọmọ tí ebi ń pa. Ọmọ tó ṣì ń ga lóyún. Òun àti ọmọ inú ẹ̀ jọ ń du abọ́ kan, ẹ sì gbé abọ́ náà lọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń mú un jẹ ṣọ́ọ̀kì, ara ń wá nǹkan tí ò rí. Bó bá rọbí báyìí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó bá dà lè gbé e lọ." Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ rèé. Ọsàn ni kó o fi lò ó, má fi tíì lò ó. Ọjọ́ tí mo bá dá, mo fẹ́ rí ẹ níbí."

Aránṣọ kò lọ sílé, ó yà sọ́dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́yin.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin lójúmọ́."

"Mẹ́rin? Ìbejì ni?"

"Ìyá méjì ni."

"Ta ni yóò san án?"

"Èmi. Bó bá yá."

"Ìwọ aránṣọ? Ìwọ tí o ní kí n lọ wọ aṣọ àná?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Adìyẹ tó yé e kò ṣáà gbowó lọ́wọ́ yín."

"Ó ń gba àgbàdo." Ṣùgbọ́n ó ti ń ka ẹyin sínú àpò.

Káfíńtà gbọ́, ó figbe ta. Ó ṣírò ẹyin, ó ṣírò ẹja, ó ní owó pákó òun nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó ṣírò tán.

"Iṣẹ́ yín ni. Èló lẹ ń gbà fún pósí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, káfíńtà fúnra rẹ̀ ló lọ gba ẹyin mẹ́rin, ó sì dúró ti àwọn méjèèjì títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.

Ṣọ́ọ̀kì kò sọnù mọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí Abẹ́rẹ́ bímọ, aránṣọ tún apá aṣọ yẹn tú sílẹ̀, nítorí ó ti fún un. Ọmọkùnrin ló bí, kékeré, àmọ́ igbe rẹ̀ kún wọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún aránṣọ, wọ́n gbé ọmọbìnrin jáde. Abẹ́rẹ́ tó ti kọ́kọ́ bímọ ló ń fún un lẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sọ́mú, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ìyá àgbà.

Gbèsè kíréètì méje yẹn gba ọdún kan gbáko. Aránṣọ fi owó san díẹ̀, ó fi aṣọ rírán san díẹ̀, káfíńtà sì kan pẹpẹ fún ṣọ́ọ̀bù ẹyin. Ọjọ́ tó mú owó ìkẹyìn lọ, Bàbá Ẹlẹ́yin kà á, ó yọ owó ẹyin kan padà fún un.

"Jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́rùn ẹ. Bó o bá san án tán, o ò ní yà wò mí mọ́."

Ó ń yà wò ó. Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, títí tí àwọn ọmọ méjèèjì fi ń sáré ṣáájú rẹ̀ lọ bu àgbàdo fún adìyẹ. Ìgbà tí ojú Bàbá Ẹlẹ́yin kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹyin náà báyìí, pẹpẹ káfíńtà ni wọ́n sì ń to fóònù sí.

Abẹ́rẹ́ ló ń wa máṣìnnì ńlá nísinsìnyí, ó sì ti sanra ju ẹni tí wọ́n lè pè ní abẹ́rẹ́. Ìjọ́sí ni Bàbá Ẹlẹ́yin pe aránṣọ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Aránṣọ, ẹyin mi dà?"

"Ó wà lọ́rùn mi, Bàbá."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó ṣì wà níbẹ̀.