Ìkíni tí kì í ṣe tèmi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí lónìí.

Èmi nìkan ni mò ń rìn yí adágún omi kan po ní Bramalea, ní Kánádà níbí, torí mi ò ní shift níbi iṣẹ́ lónìí.

Mo gbọ́ lẹ́yìn mi: "Ẹ káàsán mà, ṣé ara ti le?"

Mo yíjú kíákíá pẹ̀lú ayọ̀: "A dúpẹ́ o! Ìwọ náà ńkọ́?"

Àṣé ọmọbìnrin kan ló ń kí ìyá rẹ̀ lórí fóònù! Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

Nígbà tó yá, mo bá a lórí àga gbọọrọ kan létí omi. Ó na fóònù sí mi.

"Auntie, Màmá mi gbóhùn yín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí yín."

Mo gbé e sétí, mo gbọ́ ohùn ìyá náà: "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Mo bú sẹ́kún; ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló bi yín lónìí bóyá ẹ ti jẹun?