Akọ̀wé Tó Fọ Ọwọ́ Rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà tí mo kọ́kọ́ rí òpònú tó ń wọ táì. Ní Lakowe ni, ẹ̀yin ọmọ mi, kí wọ́n tó sọ oko wa di pápá táwọn olówó ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọkùnrin náà ti ṣe akọ̀wé ní Èkó rí, bó sì ṣe padà wá sílé, kò bá wa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn mọ́. Òjò rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ewúrẹ́ jẹ iṣu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Lọ́dún yẹn, ọ̀gá ilé-ìwé ò gbà mí torí mi ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ó ní àfi kí ẹnì kan tó mọ̀wé wá jẹ́rìí sí ọjọ́ orí mi. Akọ̀wé yìí jókòó níbi tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ, ó sì ti ṣèlérí fún ìyá mi pé òun á tẹ̀ lé wa lọ. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, àlejò méjì láti Èkó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Sùtánà funfun ìjọ wọn ni ìyá mi wọ̀, wọn ò sì wọ bàtà. Ojú ti akọ̀wé láti bá wọn rìn. Ó gbójú sókè, ó ní, "I wash my hands of it." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi bi í pé kí ló wí. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ńlá ni, pé òun ti fọ ọwọ́ òun kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa.

Ìyá mi ò mọ ìwé kà, àmọ́ ohun tí wọ́n bá kà nínú Ìwé Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í kúrò lórí wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun. Gómìnà tó fa Jésù lé àwọn ọ̀tá lọ́wọ́ ló bu omi fọ ọwọ́ lójú èrò. Òun náà mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú òun ò jẹ̀bi."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn àlejò. Akọ̀wé ní kí ìyá mi yéé purọ́, pé kí ló kan Jésù nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi nìyẹn o! Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ogbó ò sì tíì mú ìkórìíra náà kúrò nínú mi.

Èmi àti ìyá mi nìkan la lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé ò tiẹ̀ jẹ́ kí ìyá mi sọ̀rọ̀ tán. Odindi ọdún kan ni mo fi bá wọn yan ẹja létí ọ̀sà, tí mò ń wo ẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọjá nínú yunifọ́ọ̀mù. Ọ̀gá mìíràn ló dé lọ́dún kejì, ó ní kí n na ọwọ́ kọjá orí, ó kan etí, ó sì gbà mí. Akọ̀wé kú láìbẹ̀ wá.

Ní báyìí, mò ń gbé ní Jakande, ní Ìlasàn. Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Lekki sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ojoojúmọ́ ni ọ̀gá àwọn ń ní káwọn "go the extra mile." Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní ó ní láti jẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ńlá. Mo sọ fún un pé Jésù ló sọ ọ́, nípa ẹni tí wọ́n bá fi ipá mú rin máìlì kan, pé kó rin méjì. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Màmá, Gẹ̀ẹ́sì ni o, kì í ṣe ìwàásù." Ọmọ yìí kan náà ló ń yínmú sí àwọn onísùtánà tó bá rí lójú ọ̀nà Ado, pé ará oko ni wọ́n.

Láyé ìgbà tèmi, ẹyọ òpònú oníGẹ̀ẹ́sì kan ló wà ní gbogbo abúlé, a sì mọ ilé rẹ̀. Lóde òní, láti Lekki dé Ajah, wọ́n ti mọ ògiri yí wọn ká, wọ́n fi géètì àti ẹ̀ṣọ́ sí i, wọ́n sì ń pè é ní ọ̀làjú.