Àwọn Lẹ́tà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fọwọ́ Yà

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ Control mọ́ L, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà ńlá. Gbogbo ohun tó wà lójú tẹlifísàn pòórá. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, tẹlifísàn ló ń lò bí ojú, kò sì mọ lẹ́tà wa tó ní àmì nísàlẹ̀. Láti àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń to ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké jọ láti ya àwọn lẹ́tà náà sínú rẹ̀, kí wọ́n tó sáré lọ sí Iyana-Iba.

Èmi àgbà ọkùnrin, mo ki ọwọ́ sáàárín itan. Mo ti ń ro bọ́ọ̀sì Okokomaiko tí màá bá sá lọ. Nígbà tí wọ́n dé, mo jẹ́wọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín:

"Ojo lásánlàsàn! Ojú tẹlifísàn lo nù. Inú kọ̀ǹpútà ni lẹ́tà mi wà."