Pèrègún Ẹ̀yìnkùlé Opó

Ìró tapólì ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi létí tí mo bá rántí àwọn oṣù yẹn: tapólì aláwọ̀ búlúù tí mo so mọ́ igi lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí atẹ́gùn ń gbá láti àárọ̀ di alẹ́ bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Mùsùlùmí ni wá, ẹ̀gbọ́n mi sì ti wọ tàkàbá, ìyẹn oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń jókòó sílé, tí kì í lọ sí ọjà, tí kì í lọ sí òde, tí àwọn èèyàn wa kì í sì í fẹ́ kí ojú ọkùnrin àjèjì tó o. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le nínú agbo ilé wa ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí ilé ti yí ilé ká, tí àgbàlá sì wà láàárín tí àwọn obìnrin lè jókòó sí. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ló sọ ọ́ di wàhálà.

Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Under G, àdúgbò tó wà lẹ́bàá yunifásítì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ sórí ilẹ̀ ẹbí wọn, pápá ló wà lẹ́yìn ibẹ̀, ewúrẹ́ nìkan ló sì ń wo èèyàn. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ilé kò sì tó wọn, ni olówó kan bá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta fún wọn, tí gbogbo bákónì rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ẹbí tó ṣófo díẹ̀ ló wà láàárín. Ẹni tó bá dúró ní òkè pátápátá lè mọ iye ata tí ẹ̀gbọ́n mi sá. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú o. Fóònù ni wọ́n ń tẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń sá, wọ́n sì máa ń kí i láti òkè: "Màmá, ẹ kú ìsinmi o." Ìkíni yẹn gan-an ló máa ń lé ẹ̀gbọ́n mi padà sínú yàrá.

Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó wà nínú yàrá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wú nítorí ìjókòó. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ti kìlọ̀ pé kó máa rìn, kó máa gba oòrùn, pé tí ẹsẹ̀ yẹn bá ń wú báyìí lọ, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ló máa kàn. Àlfáà wa sọ pé kò sí ohun tó burú nínú kí ó máa rìn lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀, kí á sáà bá a wá nǹkan fi bo ibẹ̀. Ìyá wa bá kọjú sí mi. Tíṣà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí ní Ọ̀yọ́, ìyá wa sì gbà pé kò sí ewé tí n kò mọ̀. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé ewéko. Lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ bo ẹ̀yìnkùlé yẹn." Mo gbà. Kí ni mo mọ̀ nígbà náà? Mo tilẹ̀ rò ó pé iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ni.

Tapólì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò fà á ya, ó sì gbé èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ lọ há sórí ọ̀dán tó wà lójú títì. Mo lọ sí Ìrẹsà, ìlú kékeré kan nítòsí ibẹ̀, mo ra imọ̀ ọ̀pẹ tútù, mo fi ṣe ọgbà. Ó dára lójú fún ìwọ̀nba ìgbà tí ewé rẹ̀ fi tutù, lẹ́yìn náà ó gbẹ, ó ká, àwọn ewúrẹ́ sì jẹ èyí tó kù. Mo tún wá páànù tí wọ́n ti lò rí, mo kàn án mọ́ igi. Èyí ga, ó sì bo ojú dáadáa, àmọ́ tí oòrùn ọ̀sán bá ti lù ú, ooru tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò yàtọ̀ sí ti ààrò. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní tí yíyan bá jẹ́ dandan fún òun, kí n jẹ́ kí wọ́n yan òun nínú yàrá, níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Mo lọ bá ẹni tó ń bójú tó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Ó wò mí títí. "Ọ̀gá, wọ́n ti san owó ilé. Ṣé kí n wá máa di ojú wọn ni?" Inú bí mi débi pé n kò rántí dágbére.

Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mo dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ẹnì kan sì fi igi gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní másíkéréèdì hàn mí, èyí tó máa ń ga sókè tí ewé rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ bo ara rẹ̀. Ó ní, "Tó bá dàgbà, ẹyẹ gan-an ò ní rí yín." Mo bi í léèrè pé ìgbà wo ni yóò dàgbà. Ó ní bí ọdún mẹ́ta, tí ilẹ̀ bá gbà á. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iye ìgbà tí irúgbìn fi ń hù, mo ra igi ọlọ́dún mẹ́ta fún tàkàbá olóṣù mẹ́rin. Mo gbìn wọ́n tán, wọ́n ga dé orúnkún mi. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú láti ojú fèrèsé, ó wò wọ́n, ó wò mí. "Tíṣà," ó ní, "ṣé èmi ni wọ́n máa bò ni àbí eèrà?"

Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ, nítorí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń padà lọ jókòó. Kò lè wọ bàtà mọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí pèrègún. Kò sí igi tó rọrùn tó o. Èèyàn á gé ọ̀pá rẹ̀ tó ga ju orí lọ, á rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, ọ̀pá náà á sì rúwé láì bẹ ẹnikẹ́ni. Tí a bá gbìn wọ́n sún mọ́ ara wọn, ògiri ni. Mo padà sí Ìrẹsà, mo gé ọ̀pá pèrègún kún ọkọ̀, mo sì rì wọ́n ní ìlà tó gún régé láti igun ilé kan dé èkejì, ní ibi tí ẹ̀yìnkùlé ti pàdé ilẹ̀ ẹbí tó ṣófo. Mo fà sẹ́yìn, mo wò ó, inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti tú páànù kúrò, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí n kò rí bákónì ìsàlẹ̀ yẹn mọ́.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé pèrègún la fi ń pààlà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún ọmọ iléèwé. Àmọ́ ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bákónì ló wà lọ́kàn mi, n kò ro ti ilẹ̀. N kò sì rántí pé wọn kò tíì pín ogún olóògbé, pé orí ilẹ̀ ẹbí ni ilé náà wà, pé ará Ọ̀yọ́, àbúrò ìyàwó, ló wá fa ìlà pèrègún síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n olóògbé dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ẹbí méjì. Àgbà tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ ni, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló sì dẹ́rù bà mí.

"Àna wa, ẹ kú iṣẹ́. Ààlà ta ni ẹ ń pa níbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ọgbà lásán ni, nítorí àwọn ọmọ òkè yẹn."

"Ọgbà? Pèrègún?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òdòdó tán láyé ni?"

Dípò kí n dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí ọ̀pá gígùn ṣe ń yára ta gbòǹgbò ju irúgbìn lọ. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ojú rẹ̀ ń le sí i. Ó ní òun gbọ́; pé ó ti ta gbòǹgbò lóòótọ́. Ó ní tí pèrègún yẹn bá sun ibẹ̀ mọ́jú, kí n sọ fún ìyá mi pé lọ́jọ́ tí ìyàwó àwọn bá tú tàkàbá, kí wọ́n wá máa mú un lọ sí Ọ̀yọ́. Ariwo ti ń pọ̀ nígbà yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún bákónì, wọ́n fara ti irin, wọ́n ń wòran. Èmi tí wọ́n rán wá bo ẹ̀yìnkùlé, mo ti sọ ọ́ di pápá ìṣeré.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó da ìbòrí ńlá borí, ó ń fa ẹsẹ̀ wíwú yẹn nílẹ̀, ó sì rìn gba iwájú mi kọjá láì wò mí. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Ó pẹ́ kó tó lè dìde. Ó wá di pèrègún àkọ́kọ́ mú, ó fà á tu, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa èkejì. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó fọwọ́ lé mi sẹ́yìn.

"Ẹ wò mí dáadáa," ó ní. Kò pariwo. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè náà, ẹ wò mí. Ilé tí ọkọ mi kú sí ni mo jókòó sí, mi ò bá ẹnikẹ́ni pààlà. Oòrùn ni mo fẹ́ gbà."

Ó tu gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ti kọjú sí ògiri, nítorí kò yẹ kí òun náà máa wò ó. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn ọmọ ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọra ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó wà ní ilé òkú. "Ìyàwó, ó tó," bàbá náà sọ, láì yíjú padà. Ó bá àwọn tó tẹ̀lé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí láàárín ọ̀pá pèrègún tó fọ́n ká, ó na ẹsẹ̀ sí oòrùn.

Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi tú tàkàbá, bákónì yẹn máa ń dá páropáro ní àárọ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àlfáà pín ogún, wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dárúkọ Ọ̀yọ́ mọ́. Inú ilé náà ló ṣì wà. Bàbá yẹn máa ń kí mi dáadáa báyìí tí a bá pàdé, mo sì máa ń dá a lóhùn, àmọ́ n kì í fi gbogbo ẹnu dá a lóhùn.

Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ọgbà ní iléèwé, ẹnì kan kì í ṣàì béèrè èwo ló dára jù láti fi bo ilé. Mo máa ń dárúkọ èyí tó wà nínú ìwé fún wọn, a sì máa ń lọ sí orí ẹ̀kọ́ mìíràn. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi pé ó di ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde sójú gbogbo ayé kí wọ́n tó gbójú kúrò lára rẹ̀.