Odó Tó Dún Láìsí Iyán

Èso kajú ló mú mi. Ní ìlú Goro, ọ̀rẹ́ mi kan fi kásìkì, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn, dé mi létí, ó na míkírò agbohùnsílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, sí agbọ̀n, ó sì ń da kajú sínú rẹ̀. Mo gbọ́ èso kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń lu èkejì. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti wà lára míkírò tí awọ inú rẹ̀ tó ń gba ohùn kéré.

Mo ra méjì tí kò wọ́n. Ohùn tó ń ta lójijì ni a fi ń dán irú wọn wò, n kò sì mọ èyí tó yá ju ọmọ odó lọ. Nígbà tí tata, àbúrò bàbá mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ń gúnyán, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo gba ohùn náà sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo so ẹ̀rọ mọ́ bàfú ńlá tí ohùn ń gbà jáde, mo sì ń fi èkíní wé èkejì. Èkíní mọ́, àmọ́ ó ń hó díẹ̀. Èkejì dún bí ẹni pé a da aṣọ bò ó. Mo yí ohùn sókè gidigidi.

Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá gbọ́ odó kì í retí ìpè. Tonton, bàbá àgbà tó ń dá gbé nílé kejì, yọ sí wa, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbúrò, mo ti fọwọ́ o! Iṣu tòní mà le, ẹ ti ń gún un tipẹ́."

Tata jáde. Ó wo odó gbígbẹ lẹ́bàá ògiri, ó wò mí. Obìnrin tí àlejò kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lébi ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, kò sì sí nǹkan kan lórí iná.

Mo ní, "Tonton, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ? Ó dáa, kí ó yáa se ọbẹ̀ rẹ̀ náà."

Tata kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, tonton. Iṣu ń bọ̀." Ó yíjú sí mi: "Ìwọ lo máa gún un."

Mo gún un, ó kún fún kókó. Tonton rọra ń ṣa kókó sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ìyẹn ló tì mí lójú jù. Títí dòní, bí mo bá rí i lọ́nà, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Kásìkì nìkan ni mo fi ń gbọ́ ọ báyìí, n kì í gbé e sí ẹlòmíràn létí. Èyí tó mọ́ náà ló borí. Ní ogójì sẹ̀ǹtímítà sí odó, tí mo bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ohùn kì í fọ́: lórí òṣùwọ̀n agbára ohùn, ọmọ odó dúró ní dẹ́síbẹ́lì mẹ́sàn-án sísàlẹ̀ òdo, níbi tí ohùn ti ń fọ́, híhó rẹ̀ sì wà ní méjìlélọ́gọ́ta sísàlẹ̀.