Iná Tí Bàbá Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dá

Bàbá mi, Jábésì Kọ́rìn, kò jẹ oyè kankan. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kẹ́rù kúrò ní erékùṣù wa, òun nìkan nínú wọn ló ní òun ò lọ. Òun àti Dótíà, ìyàwó tó fẹ́ ní èbúté Kéèpù, fi òkúta kọ́lé, wọ́n gbin ọ̀dùnkún, wọ́n sì bí wa. Àwọn atukọ̀ díẹ̀ tí ọkọ̀ wọn fọ́ sí etíkun wa dúró tì wọ́n. Bí ìjà bá dé, Bàbá ni wọ́n ń wá bá. Bó ṣe di olórí nìyẹn.

Òfin kan wà tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú: òun nìkan ló gbọ́dọ̀ dáná sórí àpáta. Èéfín iná yẹn ni ọkọ̀ òkun tó ń kọjá fi ń mọ̀ pé a fẹ́ fi ọ̀dùnkún gba fùláwà. Kì í ṣe agbéraga. Ọkọ̀ tó gbé fùláwà wá lè gbé èèyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ àjẹ̀ kan ṣoṣo la ní, ìgbì etíkun wa ò sì ṣeé là kọjá bí ọwọ́ tó ń wa ọkọ̀ náà bá dín. Ohun tó ń já Bàbá láyà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa lọ, kí ilé tó kọ́ sì dahoro.

Lọ́dún kan, Màámi dùbúlẹ̀, kò jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi Énọ́sì wọlé.

"Bàbá, ọkọ̀ kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ bá wa dáná, ká lè rí fùláwà fún Màámi."

"Ṣé búrẹ́dì ló máa wò ó sàn?"

Màámi dáhùn láti orí ibùsùn. "Bàbá Énọ́sì, búrẹ́dì ló ń wù mí. Àbí ọ̀dùnkún tí mo ti jẹ láyé yìí ò tíì tó ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ìyá yín ò ṣàìsàn rárá." Ó mú irin ìṣáná rẹ̀, ó gun àpáta lọ.

Énọ́sì àti Ásà àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ àjẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà atukọ̀. Àwọn ìyàwó wọn gbé ọmọ tẹ̀ lé wọn, wọ́n láwọn fẹ́ fojú ara àwọn yan aṣọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló bá wọn ti ọkọ̀ sómi.

"Ẹ tètè dé o," ó sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará ọkọ̀ òkun ló bá wa fa ọkọ̀ àjẹ̀ wa padà. Àpò fùláwà ló kún inú rẹ̀, àti àwọn àgbà. Tobáyà, ọ̀rẹ́ Bàbá látijọ́, ò lè wojú rẹ̀.

"Jábésì, àwọn ọmọ rẹ ní kí n bá àwọn dágbére fún ọ."

Bàbá kọjú sílé. A délé, a bá Màámi lórí ìdúró, ó ti fọ ọpọ́n tó fẹ́ fi po fùláwà.

"Ìwọ náà mọ̀?" Bàbá béèrè.

"Mo mọ̀. Ẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n lọ."

"Wọn ò bi mí."

"Ìgbà mélòó ni kí wọ́n bi yín?"

Màámi ṣe búrẹ́dì náà. Bàbá ò fọwọ́ kàn án. Èmi jẹ ẹ́ o, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, torí kò sẹ́ni tó sọ fún èmi náà. Wọ́n rò pé màá tú àṣírí náà fún Bàbá, mo sì lè tú u lóòótọ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Màámi kú. Lẹ́yìn tí a sin ín, Bàbá fi irin ìṣáná náà lé mi lọ́wọ́.

"Tírísà, gbà. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ láti lọ, dáná náà fúnra rẹ. Má fi ọwọ́ tèmi dá a."

Àpò mi ni irin náà wà látọjọ́ yẹn. Wọ́n tan Bàbá, wọ́n sì ríbi lọ. Ẹni tí ò tàn án ló ṣẹ́kù tó ń ro oko ọ̀dùnkún.

Ọkọ̀ kan ń kọjá láàárọ̀ yìí. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ mi tó wà lápò.